Aṣọ Àrò: Ìtàn Pàṣípààrọ̀ Abala Kúìlìtì Láàárín Àwọn Obìnrin Amẹ́ríkà

Bí àwọn ènìyàn bá rí ẹni tí ó ń ṣa àjákù aṣọ jọ ní ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ, ìṣẹ́ ni wọ́n máa ń rò pé ó ń ṣẹ́ onítọ̀hún. Yorùbá kì í fi ábùlẹ̀ ṣe fáàrí. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ bá ya ni ó ń lẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó ti lé ní igba ọdún tí àwọn obìnrin ti ń fi àjákù aṣọ ṣe ohun tí kì í ṣe ábùlẹ̀ rárá. Wọn a gé e wẹ́wẹ́, wọn a rán wẹ́wẹ́ náà pọ̀ di abala onígun-mẹ́rin, wọn a sì so abala mọ́ abala títí yóò fi fẹ̀ tó ohun tí a lè tẹ́ sórí ibùsùn. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò tẹ́ òwú sí abẹ́ rẹ̀, wọn a fi aṣọ mìíràn gbé e nídìí, wọn a sì fi abẹ́rẹ́ gún ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kí òwú má baà ṣùjọ sí ojú kan. Òtútù ìlú wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ tiwa. Aṣọ ìbora yìí ni wọ́n ń pè ní kúìlìtì.

Ẹnì kan lè dá kúìlìtì rán láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí ó bá ní sùúrù. Ṣùgbọ́n ìtàn kan wà tí kì í ṣe ti ẹni tí ó dá iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ìtàn náà ni ti àwọn obìnrin tí olúkúlùkù wọn ń rán abala tirẹ̀, tí wọ́n sì ń pààrọ̀ rẹ̀ láàárín ara wọn, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ní ìgbẹ̀yìn kò sí ẹnì kan nínú wọn tí aṣọ orí ibùsùn rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ òun nìkan. Àwọn tí ó ti kọ̀wé nípa kúìlìtì sábà máa ń yin ẹwà rẹ̀. Ẹwà rẹ̀ kò ṣeé jiyàn sí. Síbẹ̀, ohun tí ó jinlẹ̀ ju ẹwà lọ nínú ìtàn yìí ni ọ̀rọ̀ orúkọ: ta ni a kọ orúkọ rẹ̀ sí ara aṣọ, ta sì ni ó ṣiṣẹ́ tí a kò kọ tirẹ̀?

Yorùbá kò ní kúìlìtì, ṣùgbọ́n èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ méjì tí ó la ọ̀rọ̀ náà yé ni kedere. Bí iṣẹ́ bá wọ àgbẹ̀ lọ́rùn, ó lè bẹ ọ̀wẹ̀. Ará àti ọ̀rẹ́ yóò wá ní ọjọ́ kan, wọn yóò bá a ṣe iṣẹ́ náà, òun náà yóò sì fún wọn ní oúnjẹ àti ohun mímu. Ó sì lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ àrò: lónìí, gbogbo wọn kọ ebè ní oko Ọ̀jọ́, ní ọ̀la, ó di oko Àjàní, ẹni tí a sì ti bá ṣe tirẹ̀ kò gbọdọ̀ wá àwáwí nígbà tí ó bá kan ti ẹlòmíràn. Ọ̀wẹ̀ ni ìpéjọ tí àwọn obìnrin Amẹ́ríkà máa ń ṣe yí férémù kúìlìtì ká, tí gbogbo wọn yóò máa fi abẹ́rẹ́ gún aṣọ ẹnì kan ṣoṣo, tí onílé yóò sì gbé oúnjẹ kalẹ̀. Àrò ni pàṣípààrọ̀ abala. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé àrò oko ń fẹ́ kí ẹsẹ̀ pé sí oko kan náà. Àrò abala kò bèèrè ẹsẹ̀. Ọwọ́ ni ó ń bèèrè, àti ilé ìfìwéránṣẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Obìnrin kan ni yóò gbé iṣẹ́ náà dìde, òun ni a lè pè ní olórí àrò. Yóò kọ̀wé sí àwọn tí ó mọ̀ pé ọwọ́ wọn tọ́ sí abẹ́rẹ́. Kí á ní àwọn méjìlá ni ó gbà láti ṣe é, tí òun alára jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Olúkúlùkù yóò rán abala 12 tí ó jọ ara wọn, yóò sì fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí olórí àrò pẹ̀lú àpòòwé tí ó ti kọ àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí, tí ó sì ti lẹ sítáǹbù mọ́. Abala 144 ni yóò pé sọ́wọ́ olórí àrò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pín wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ohun tí yóò padà sí ọ̀dọ̀ ẹni kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ abala 12, tí kò sì ní sí méjì nínú wọn tí ó ti ọwọ́ ẹnì kan náà wá.

Ó rọrùn láti sọ, ṣùgbọ́n òfin pọ̀ nínú rẹ̀. Abala tí yóò jẹ́ íǹṣì 12 nígbà tí a bá rán kúìlìtì tán, íǹṣì 12½ ni a ń fi í sílẹ̀, nítorí pé ìdámẹ́rin íǹṣì ni yóò wọ inú ojú-ìrán lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnì kan bá fi ojú lásán díwọ̀n, tí tirẹ̀ fi ìdajì íǹṣì kéré, kò ní bá àwọn mọ́kànlá yòókù dọ́gba. Yóò máa fà wọ́n, ojú aṣọ a sì lọ́. Wọ́n ní láti fọ aṣọ kí wọ́n tó gé e, kí aró pupa tí ẹnì kan lò má baà ṣí sára aṣọ funfun ẹlòmíràn, kí aṣọ kan má sì súnkì lẹ́yìn tí àwọn ìyókù ti dúró. Àkókò náà ní òfin tirẹ̀. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá kùnà láti fi tirẹ̀ ránṣẹ́, ẹni mọ́kànlá ni abala wọn kò ní pé. Ẹni tí ó bá ti jẹ olórí àjọ rí mọ ohun tí ojú irú obìnrin bẹ́ẹ̀ máa ń rí. Òfin ìkẹyìn ni pé kí olúkúlùkù kọ orúkọ rẹ̀, àti ìlú rẹ̀ pẹ̀lú, sí ara abala tí ó rán.

Nígbà tí ọdún 1840 ń wọlé ni àṣà kíkọ orúkọ sí abala yìí bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ ní agbègbè Philadelphia àti New Jersey, níbi tí àwọn ọmọ ìjọ Quaker pọ̀ sí, kí ó tó ràn dé àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn. Ṣáájú ìgbà náà ni àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ti ń gbé ìwé pélébé kiri tí ọ̀rẹ́ yóò kọ orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìyànjú sí. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ó bá ń múra àtijáde. Àwọn obìnrin gbé àṣà náà kúrò lórí ìwé, wọ́n gbé e sórí aṣọ. Kò bá má ṣeé ṣe bí kì í bá ṣe ti tàdáwà. Tàdáwà àtijọ́ tí a fi irin pò máa ń jẹ aṣọ. Ibi tí a kọ orúkọ sí gan-an ni yóò kọ́kọ́ lu. Ní àwọn ọdún 1830 ni irú èyí tí kì í ṣí bí a bá fọ aṣọ, tí kì í sì í tètè ba aṣọ jẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́pọ̀ ní ọjà.

Ṣùgbọ́n tàdáwà nìkan kò tó láti dá àṣà sílẹ̀. Ìdágbére ni ó bí i. Láàárín ọdún 1840 sí 1870, àwọn tí ó lé ní 250,000 ni wọ́n di ẹrù sínú kẹ̀kẹ́ ẹrù tí màlúù ń fà, tí wọ́n sì dorí kọ ìwọ̀-oòrùn, sí Oregon, California àti àwọn ilẹ̀ mìíràn. Láti Missouri dé Oregon, ọ̀nà náà tó máìlì 2,000, oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà ni wọ́n sì fi ń rìn ín. Ìyàwó ilé tí ó bá bá ọkọ rẹ̀ lọ mọ̀ dájú pé ó ṣeé ṣe kí òun má fojú kan ìyá òun mọ́. Kí ó tó lọ, àwọn ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ọ̀rẹ́ àti ará ìjọ a rán abala fún un, orúkọ a sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí òru bá tutù ní ilẹ̀ àjèjì, orúkọ àwọn ènìyàn rẹ̀ ni yóò fi bora.

Owó lẹ́tà náà kó ipa tí àwọn òpìtàn aṣọ kì í sábà mẹ́nu bà tó bí ó ti yẹ. Ṣáájú ọdún 1845, bí ọ̀nà bá ṣe jìn sí ni owó lẹ́tà ṣe ń ga sí. Lẹ́tà tí ó bá kọjá máìlì 400 ń gba sẹ́ǹtì 25 fún ìwé kan ṣoṣo, bí a bá sì fi ohun mìíràn sí inú rẹ̀, owó rẹ̀ di ìlọ́po. Ta ni yóò fi ègé aṣọ sí inú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀? Òfin ọdún 1845 ni ó sọ pé kí á máa fi ìwọ̀n gba owó dípò iye ìwé. Lẹ́tà tí kò bá wúwo ju ìdajì áúǹsì lọ di sẹ́ǹtì 5 láàárín máìlì 300, nígbà tí ó sì di ọdún 1851, ó di sẹ́ǹtì 3 fún ọ̀nà tí ó tó máìlì 3,000, bí ẹni tí ó kọ ọ́ bá san owó náà ṣáájú. Aṣọ kò wúwo. Láti ìgbà náà ni ẹni tí ó wà lókèèrè ti lè fi abala tirẹ̀ sínú lẹ́tà, kí ó sì bá ti àwọn ará ilé wọ inú kúìlìtì kan náà.

Ìlú tí àṣà yìí ti gòkè jùlọ ni Baltimore, ní ìpínlẹ̀ Maryland, láàárín ọdún 1846 sí nǹkan bí 1852. Àwọn abala ibẹ̀ kò jọ ti ibòmíràn. Wọ́n a gé aṣọ aláràbarà ní ìrí òdòdó, apẹ̀rẹ̀ èso, ẹyẹ, ọkọ̀ ojú omi àti ilé ńlá, wọn a sì rán an mọ́ orí aṣọ funfun pẹ̀lú ọ̀já-abẹ́rẹ́ tí ojú lásán kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó rán wọn jẹ́ ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Òfin ìjọ náà ní ìgbà náà ni pé òjíṣẹ́ kan kò gbọdọ̀ lò ju ọdún méjì lọ ní ibi iṣẹ́ kan, nítorí náà ìdágbére kì í tán. Bí òjíṣẹ́ bá ń lọ, àwọn obìnrin ìjọ a pín abala láàárín ara wọn, wọn a sì fi kúìlìtì olórúkọ sìn ín dé ọ̀nà.

Bí a bá wò wọ́n fínnífínní, ohun kan yóò hàn. Nínú ọ̀pọ̀ kúìlìtì olórúkọ ayé ìgbà náà, ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà ni a fi kọ gbogbo orúkọ. Wọ́n a wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dára, òun ni yóò kọ ti gbogbo ènìyàn. Orúkọ ọkùnrin tí kò fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ rí wà lára wọn. Orúkọ ọmọ jòjòló wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà, orúkọ tí ó wà lára abala kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹni náà ni ó rán an. Òdìkejì rẹ̀ tún wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìgbà náà, kò sí ìlú ńlá kan ní Amẹ́ríkà tí àwọn ènìyàn dúdú tí ó jẹ́ òmìnira pọ̀ sí tó Baltimore. Bẹ́ẹ̀ ni ẹrú ṣì wà ní Maryland títí di ọdún 1864. Nígbà tí ìyá ilé bá jókòó tí ó ń rán òdòdó mọ́ aṣọ funfun, ta ni ó ń dáná, ta ni ó ń pọnmi, ta ni ó ń fọ aṣọ funfun náà tí ó sì ń lọ̀ ọ́? Ní àwọn ilé olóko gúúsù, àwọn ẹrúbìnrin pàápàá ni wọ́n ń jókòó ti férémù, tí wọ́n sì ń rán kúìlìtì tí a ó máa pè ní iṣẹ́ ìyá ilé. Àrò ni àwọn tí ó ní orúkọ ń ṣe láàárín ara wọn. Àwọn ẹlẹ́yìí kò sí nínú àrò, iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe.

Ìtàn Harriet Powers fi èyí hàn. Inú oko ẹrú ní Georgia ni a bí i sí ní ọdún 1837. Ní ọdún 1886, ó gbé kúìlìtì kan lọ sí ibi àfihàn òwú ní ìlú Athens ní Georgia, ó sì ti fi aṣọ ya àwọn ìtàn inú Bíbélì sí abala rẹ̀. Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà kan tí ó jẹ́ òyìnbó, Jennie Smith, fẹ́ rà á. Powers kọ̀, kò tà á. Ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, ọwọ́ ìyà tẹ ìdílé rẹ̀, ó sì gbé kúìlìtì náà wá láti tà á ní dọ́là 10. Dọ́là 5 ni Smith rí san. Kí Powers tó fi í sílẹ̀, ó ṣàlàyé abala kọ̀ọ̀kan, Smith sì kọ àlàyé náà sílẹ̀. Ó tún padà wá wo aṣọ náà nígbà mìíràn bí ẹni wá wo ọmọ tí ó fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ alágbàtọ́. Lónìí, kúìlìtì náà wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington. Bí Smith kò bá kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, kì bá ti sí ẹni tí yóò mọ ọwọ́ tí ó rán an, nítorí orúkọ Powers kò sí lára aṣọ.

Nígbà tí ó yá, àwọn ìjọ àti ẹgbẹ́ rí i pé orúkọ ṣeé tà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí orúkọ òun wà lára kúìlìtì yóò san owó, ó sábà máa ń jẹ́ sẹ́ǹtì 10. Àwọn obìnrin a fi òwú rán orúkọ náà sí abala, wọn a sì tún ta kúìlìtì náà lẹ́yìn tí ó bá parí. Báyìí ni wọ́n ṣe kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì púpọ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1917, nígbà tí Amẹ́ríkà ti wọ inú Ogun Àgbáyé Kìíní, ìwé ìròyìn àwọn obìnrin kan tí ń jẹ́ Modern Priscilla gbé bátànì kúìlìtì alágbèélébùú pupa jáde, ó sì ṣàlàyé bí ẹgbẹ́ kan ṣe lè ti ara rẹ̀ pa dọ́là 1,000 fún Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa. Ọ̀pọ̀ ìletò ni ó ṣe é. Orúkọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ṣì wà lára àwọn aṣọ wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó sanwó ni orúkọ, ẹni tí ó rán an lè má sí níbẹ̀.

Ìjọba, láìmọ̀, tún ti la ọ̀nà fún àrò abala. Láti ọdún 1896 ni àwọn amúlẹ́tà ti ń gbé lẹ́tà dé ẹnu ọ̀nà àwọn tí ń gbé ní oko, láìgba owó mìíràn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1913, ilé ìfìwéránṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹrù kéékèèké pẹ̀lú. Obìnrin tí aládùúgbò rẹ̀ wà ní máìlì márùn-ún sí i kò dá wà mọ́. Bátànì ń jáde nínú ìwé ìròyìn. Ti Kansas City Star nìkan bẹ̀rẹ̀ ní 1928, kò sì dáwọ́ dúró títí di 1961. Àwọn òǹkàwé a máa kọ̀wé sí olóòtú láti bèèrè ẹni tí ó ní bátànì báyìí-báyìí, ẹni tí ó ní in a sì fèsì.

Ní ọdún 1933, ilé ìtajà Sears, Roebuck gbé ìdíje kúìlìtì kan kalẹ̀, èyí tí ó bá àfihàn ńlá tí ó wáyé ní Chicago rìn. Ọ̀dá owó ti dá gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ìgbà náà, ẹ̀bùn àkọ́kọ́ sì jẹ́ dọ́là 1,000. Kúìlìtì tí a fi ránṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 25,000. Margaret Rogers Caden, ará Lexington ní Kentucky, ni ó gba ipò kìíní. Kò rán ojú abẹ́rẹ́ kan nínú rẹ̀. Ó ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì gbé iṣẹ́ náà fún àwọn obìnrin tí ń bá a ránṣọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ìdíje ní kí olùdíje fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Àwọn obìnrin náà mọ̀, wọ́n sì dákẹ́, nítorí pé iṣẹ́ ṣọ̀wọ́n, ọwọ́ rẹ̀ sì ni wọ́n ti ń rí i. Ọdún 1993, nínú ìwé tí Merikay Waldvogel àti Barbara Brackman kọ, ni ọ̀rọ̀ náà tó di mímọ̀ fún gbogbo ènìyàn. Irú ohun báyìí kò lè wáyé nínú àrò abala. Ní ibi ìdíje, ẹnì kan ni ń gba ẹ̀bùn, nítorí náà ó lérè láti fi ẹlòmíràn pa mọ́. Nínú àrò, ohun tí ẹni kọ̀ọ̀kan wá gbà gan-an ni iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi orúkọ pa mọ́ ti ba ohun tí wọ́n wá pààrọ̀ jẹ́.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, kúìlìtì ṣá. Aṣọ ìbora olówó pọ́ọ́kú kún ọjà, àwọn ìwé ìròyìn kò sì ka bátànì sí mọ́. Àwọn obìnrin tí kò jẹ́ kí iná rẹ̀ kú kò pọ̀, wọ́n sì fọ́n káàkiri. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n sọ àpòòwé di ìpàdé. Àpòòwé ńlá kan tí ó kún fún bátànì a bọ́ sọ́wọ́ obìnrin àkọ́kọ́. Yóò da èyí tí ó wù ú kọ, yóò fi tirẹ̀ kún un, yóò sì fi í ránṣẹ́ sí ẹni tí orúkọ rẹ̀ tẹ̀lé tirẹ̀ nínú ìwé orúkọ. Báyìí ni yóò ṣe yí ká, ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀, títí yóò fi padà dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó kọ́kọ́ gbé e dìde. Bí ẹnì kan bá jókòó lé e, gbogbo wọn ni ebi rẹ̀ yóò pa.

Nínú àwọn tí ó wọ irú àrò yìí ní àwọn ọdún 1960 ni olùkọ́ kan tí ń jẹ́ Cuesta Benberry. Ọdún 1923 ni wọ́n bí i ní Cincinnati, ṣùgbọ́n St. Louis ni ó dàgbà sí, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí ń jẹ́ Stowe ni ó sì ti gba oyè ẹ̀kọ́. Ènìyàn dúdú ni. Títí di ọdún 1954 tí ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ilẹ̀ náà fi dá a lẹ́jọ́ pé kò tọ́, ọmọ dúdú àti ọmọ funfun kì í jọ kàwé pọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní St. Louis. Nígbà tí ó ṣe ìgbéyàwó, ó bá ọkọ rẹ̀ lọ kí àwọn àna rẹ̀ ní Kentucky, níbẹ̀ ni ó ti rí kúìlìtì tí wọ́n ń fi yangàn. Ìfẹ́ rẹ̀ wọ ọ́ lọ́kàn. Kò kọ́kọ́ mú abẹ́rẹ́. Ìwé ni ó mú. Ó ń kó bátànì jọ, ó ń bèèrè ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ṣẹ̀ wá, ó ń kọ ọjọ́ tí a tẹ̀ ẹ́ jáde sílẹ̀. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ àrò rẹ̀ ń fi bátànì ránṣẹ́, òun náà ń fi tirẹ̀ ránṣẹ́. Ó yẹ kí á rántí irú ọdún tí ọdún wọ̀nyẹn jẹ́. Kí òfin ọdún 1964 tó dé, ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ni ó wà ní Amẹ́ríkà tí ènìyàn dúdú kò lè wọ̀ kí ó sì jókòó. Àpòòwé kò ní irú ìdènà bẹ́ẹ̀. Ó ń wọ ilé tí ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ lè má rí àyè wọ̀.

Kò pẹ́ tí iná kúìlìtì tún fi ràn. Ìwé ìròyìn Quilter's Newsletter bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1969. Ní ọdún 1971, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Whitney ní New York gbé kúìlìtì kọ́ ara ògiri bí àwòrán àwọn ayàwòrán ńlá, àwọn ènìyàn sì wọ́ lọ wò ó. Púpọ̀ nínú àwọn aṣọ náà ni kò ní orúkọ ẹni tí ó rán wọn. Àwọn òǹwòran ń yin àwọ̀ àti ìlà. Ó dà bí ẹni pé aṣọ náà hù fúnra rẹ̀ ni.

Benberry ti mọ ohun tí yóò ṣe sí èyí. Àwọn kan ń wí nígbà náà pé bí ènìyàn dúdú bá rán kúìlìtì, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó máa ń gbà rán an, a sì lè fi ojú lásán dá a mọ̀. Ó tako wọn. Ohun tí ó ti rí nínú ọ̀pọ̀ ọdún tí ó fi ń ṣa bátànì àti lẹ́tà jọ fi hàn pé àwọn obìnrin dúdú ti rán gbogbo irú kúìlìtì tí ó wà ní Amẹ́ríkà, pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti wà níbẹ̀. Orúkọ tí ó fún ìwé tí ó kọ ní ọdún 1992, Always There, kò ju èyí lọ: wọ́n wà níbẹ̀ nígbà gbogbo.

Ṣáájú ìwé náà, ní ọdún 1979, ó mú abẹ́rẹ́. Kúìlìtì kan ṣoṣo ni obìnrin yìí rán ní gbogbo ayé rẹ̀. Abala ni ó fi ṣe é, bí èyí tí a gbà nínú àrò: abala kọ̀ọ̀kan dúró fún ohun kan nínú ìtàn àwọn obìnrin dúdú tí ó ti rán kúìlìtì ṣáájú rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ti kú, ẹrú ni àwọn mìíràn, wọn kò sì lè fi abala tiwọn ránṣẹ́. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi bá wọn rán an. Ó pe àkọlé rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ìṣáájú fún àròkọ kan lórí àwọn obìnrin dúdú àti kúìlìtì. Benberry kú ní ọdún 2007. Àkójọ rẹ̀ lórí kúìlìtì àwọn ènìyàn dúdú wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Michigan, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń lọ bèèrè orúkọ.